Orúkọ Sámúẹ́lì: Ìtumọ̀ Rẹ̀, Ìtàn Rẹ̀, àti Bí Ó Ti Di Tiwa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún Ìjọ ní Ìfisìn-Èkìtì ní àkókò Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

 

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó jẹ́ àṣà pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ilé ìsìn tí a kọ́, lórí àwọn àlùfáà tí ó ti sìn, àti lórí ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀. Ó tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìjọ ń kọ́ láti ọdún dé ọdún tí kì í ṣe amọ̀, tí kì í sì í ṣe páànù. Èyí ni orúkọ. Ẹ ṣí ìwé ìsàmì ìjọ èyíkéyìí ní ilẹ̀ Èkìtì, ẹ ó rí i pé orúkọ ni ó kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn wa ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó ké pe “Sámúẹ́lì” lẹ́ẹ̀kan péré, kì í ṣe ẹnì kan ni yóò dá a lóhùn.

Nítorí náà ni a fi yan orúkọ yìí láti sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Àwa ń jẹ́ ẹ, a sì ń sọ ọ́ ọmọ wa, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ohun tí ó ń wí? Ẹni tí a fún ní ẹrù tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí ó bá gbé e lọ, kò ní mọ ìgbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní èkínní, ẹ jẹ́ kí a wo ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ àwọn Hébérù ni Sámúẹ́lì. Àwọn Hébérù ní ìwà kan tí ó jọ tiwa gidigidi, èyí ni pé orúkọ wọn kì í ṣe ohùn lásán, gbólóhùn ni. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà ní èdè wọn, El, tí í ṣe Ọlọ́run. Wọn a máa fi í sí ìdí orúkọ. Dáníẹ́lì ni pé, Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi. Ìṣímáẹ́lì ni pé, Ọlọ́run gbọ́. Ní ti àwa, iwájú ni a máa ń fi tiwa sí: Olúwaṣeun, Olúgbémiga, Ọlọ́runfẹ́mi. Kí ìgbàgbọ́ tó dé pàápàá, Ifá, Ògún àti Ọ̀ṣun ni ó wà ní ipò náà nínú orúkọ àwọn baba wa. Nítorí náà, nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ bí Sámúẹ́lì, èdè rẹ̀ ni ó ṣe àjèjì sí wọn, kì í ṣe ọgbọ́n tí a fi sọ ọ́.

Àwọn tí ó mọ èdè Hébérù dájúdájú kò fi ẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Apá kan wí pé “Orúkọ Ọlọ́run” ni, nítorí pé shem ni orúkọ ní èdè wọn. Apá kejì wí pé “Ọlọ́run gbọ́” ni, tàbí ẹni tí a gbọ́ àdúrà nítorí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún gbígbọ́ kò jìnnà sí i ní ohùn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó sọ ọmọ náà lórúkọ ní ìdí tirẹ̀. Ó wí pé nítorí pé òun bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Olúwa ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti kíyèsí i pé ọ̀rọ̀ tí ìyá náà lò fún bíbèèrè súnmọ́ orúkọ Sọ́ọ̀lù ju ti Sámúẹ́lì lọ, nítorí Sọ́ọ̀lù gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “ẹni tí a bèèrè.”

Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dà yín láàmú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Ènìyàn méjì ni a bèèrè nínú ìwé náà. Obìnrin kan bèèrè ọmọ, nígbà tí ó sì rí i gbà, ó dá a padà fún Ọlọ́run. Àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì bèèrè ọba, wọ́n sì fẹ́ kí ọba náà gba ipò Ọlọ́run lọ́dọ̀ wọn. Sámúẹ́lì ni èsì ìbéèrè àkọ́kọ́, Sọ́ọ̀lù ni èsì ìkejì. A lè bèèrè ohun kan náà lọ́wọ́ Ọlọ́run kan náà, kí òpin rẹ̀ má sì ṣe dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo obìnrin náà. Hánà ni orúkọ rẹ̀, aya Élíkánà, ará òkè Éfúráímù. Ilé olórogún ni ó ń gbé. Pẹnínà bímọ, Hánà kò bí. A kò ní láti ṣe àlàyé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Èkìtì. A mọ bí a ti ń fi orin pa òwe níbi odó, a sì mọ ojú tí a fi ń wo ẹni tí kò ní ọmọ tí yóò rán níṣẹ́. Ní ọdọọdún tí wọ́n bá gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ ni orogún rẹ̀ a máa bí i nínú, tí òun a sì máa sunkún tí kò ní jẹun. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ rere tù ú nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ kò dé ibi tí ó ń dùn ún.

Ó wá lọ sí ilé Olúwa, ó gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. Élì, àlùfáà àgbà, jókòó sí ẹ̀bá òpó, ó rí i, ó sì rò pé ó mu ọtí yó ni. Obìnrin náà kò bínú, ṣùgbọ́n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé ìbànújẹ́ ni, kì í ṣe ọtí. Nígbà náà ni Élì súre fún un. Ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé e: obìnrin náà dìde, ó jẹun, ojú rẹ̀ sì tújú ká, nígbà tí kò tíì lóyún rárá. Àlàáfíà dé kí ọmọ tó dé.

Nígbà tí ó bí ọmọ náà, òun ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àgbà wa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Hánà wo ilé, ó wo ọ̀nà ibi tí ọmọ ti wá, ó wo ẹkún tí ó ti sun, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú orúkọ kan. Bí ó bá ṣe pé ní Ìfisìn ni a gbé bí ọmọ náà ni, bóyá Adúrà-gbà tàbí Olúwagbóhùn ni à bá máa pè é. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé lónìí ni èyí, pé ẹ̀rí obìnrin ni orúkọ Sámúẹ́lì. Àwa tọ́jú ọmọ náà, a ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a ti fẹ́rẹ̀ gbàgbé ìyá tí ó sọ ọ́.

Báwo ni orúkọ náà ti ṣe rìn láti òkè Éfúráímù dé ilẹ̀ Yorùbá? Ọ̀nà oko ẹrú ni ó gbà wá. Ní ọdún 1821, àwọn tí ń kó ẹrú kọlu ìlú Òṣogùn, wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. A yà á kúrò lára ìyá rẹ̀, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí a fi tà á fún àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, a sì gbé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé tí ó sì gba Olúwa gbọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni a ṣe ìsàmì fún un, a sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí í ṣe ọ̀rẹ́ Ẹgbẹ́ Ìránṣẹ́ C.M.S., èyí ni Samuel Crowther.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, orúkọ àlejò ni wọ́n fún un. Kò sí ẹni tí ó wo ilé kí ó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run wo ilé. A yan Àjàyí ní àlùfáà ní ọdún 1843, ó sì padà wá sí ilẹ̀ wa, ó gba Àgbádárìgì dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n, òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlá tún fojú kan ara wọn. Ìyá náà ti sọ ìrètí nù pé òun yóò tún rí i. Ní ọdún 1848, a ṣe ìsàmì fún ìyá náà, orúkọ tí a sì fún un ni Hánà.

Ẹ̀yin ará, ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Nínú Ìwé Mímọ́, ìyá ni ó kọ́kọ́ wà, òun ni ó sì sọ ọmọ rẹ̀ ní Sámúẹ́lì. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ Sámúẹ́lì ní ilẹ̀ àjèjì, orúkọ ọmọ ni ó sì padà wá sọ ìyá rẹ̀ ní Hánà. Ní ọjọ́ náà ni orúkọ tí a fi fún Àjàyí láìwo ilé wá rí ilé wọ̀. Ó di òótọ́ lára rẹ̀: ìyá bèèrè, Ọlọ́run gbọ́. Ìyá náà gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ títí di ọdún 1883 tí ó fi sùn nínú Olúwa ní Èkó. Àwọn baba wa wí pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, Hánà wa yìí sì bímọ ní tòótọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi Àjàyí jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ilé ìsìn ńlá Canterbury, òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà. Òun kan náà ni olórí nínú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Èpístélì sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850, odindi Bíbélì sì pé ní ọdún 1884. Nínú iṣẹ́ yìí ni a ti fún orúkọ àwọn Hébérù ní ẹnu Yorùbá. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà ni Samuel fi gba fáwẹ̀lì sí ìdí tí ó di Sámúẹ́lì, tí Daniel di Dáníẹ́lì, tí Jacob di Jákọ́bù. Bí aṣọ òkè tí a rán mọ́ ènìyàn lára ni. Láti ìgbà náà ni ìyá arúgbó tí kò mọ ìwé ti lè pe orúkọ náà láti ẹ̀yìnkùlé, kí ọmọ sì dáhùn.

Ẹ ó bi wá pé, kí ni ó kan Èkìtì nínú èyí? Ó kàn wá púpọ̀. Sámúẹ́lì mìíràn wà tí ọ̀ràn rẹ̀ kàn wá ju ti Bíṣọ́ọ̀bù lọ. Èyí ni àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a bí ní Hastings ní Sàró ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1877 ni ogun Kírìjì ti ń jà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń jà, oko ti di igbó, ọ̀pọ̀ ilé ti tú. Ní ọdún 1886, ìjọba Èkó rán Johnson àti àlùfáà Charles Phillips lọ sí àgọ́ ìhà méjèèjì. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọba àti balógun, a sì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni a kéde àlàáfíà lójú ogun. Phillips ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893, tí ó jókòó sí Oǹdó. Johnson sì ni ó kọ ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, tí ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, òun náà kú ní ọdún 1901 láìrí i, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní ọdún 1921.

Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Láti nǹkan bí ọdún 1890 lọ ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń mú ìgbàgbọ́ bọ̀ wá sí àwọn ìlú wa. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ gbé e dé, ọmọ wa tí ó ti ṣe ẹrú rí ni. Àwọn orúkọ Bíbélì sì wà lára ẹrù tí wọ́n rù bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó wá tẹ̀lé e, níbi tí a ti ń bèèrè “orúkọ ìgbàgbọ́” lọ́wọ́ ọmọ kí a tó kọ ọ́ sí ìwé. Báyìí ni Sámúẹ́lì, Dáníẹ́lì, Jósẹ́fù àti Jákọ́bù ṣe kún inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí Sámúẹ́lì gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní ìrònú tiwa, ohun mẹ́ta ni. Èkínní ni orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, tí gbogbo òbí fẹ́ kí ọmọ wọn jọ. Èkejì ni ìtàn ọmọdé náà tí ó gbọ́ ohùn Ọlọ́run lóru tí ó sì sáré tọ Élì lọ nígbà mẹ́ta. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun ni ìtàn tí ó fi hàn wọ́n pé Ọlọ́run lè pe ọmọdé kí ó tó pe àgbà. Ẹ̀kẹta, tí ó sì lágbára jù, ni ẹkún àwọn ìyá. Ìyá tí ó ti ṣe àgàn pẹ́, tàbí tí àbíkú ti dà láàmú, bí ó bá bí ọkùnrin, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún un.

Kì í sì í ṣe nínú ìjọ tiwa nìkan. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí a bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1910, tí ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Samuel Bilehou Oshoffa, tí a bí ní ọdún 1909, tí ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀ ní Pọ̀tó-Nóvò ní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ròyìn pé baba rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run bí Hánà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ kí a tó bí i, àti pé nítorí náà ni a ṣe sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì. Ní Èkìtì tiwa, ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Abe tí ó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Èkìtì, àti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Òkè tí ó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Ìjọ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹkún tí ó bí orúkọ náà kò yàtọ̀.

Nísisìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le. Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ nínú ìjọ wa: ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ Yorùbá máa jẹ́ orúkọ Hébérù rárá? Kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ẹni tí a ń pè ní “Ẹni Mímọ́ Johnson” nígbà ayé rẹ̀, rọ àwọn òbí gidigidi kí wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ wa ṣe ìsàmì fún ọmọ wọn. David Brown Vincent, àlùfáà Onítẹ̀bọmi, kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1894, ó sì di Mojọlá Àgbébí. Wọ́n ní ìdí. Nínú Ìwé Àdúrà wa, àlùfáà a máa bèèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí ìsàmì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó gbé pàṣẹ èdè tí orúkọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Olúwaṣeun ni Ọlọ́run nínú bí Sámúẹ́lì ti ní in, ọmọ tí ó sì ń jẹ́ Olúwaṣeun kò ní láti bèèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀ àwa kò wí pé kí a kọ Sámúẹ́lì sílẹ̀. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù náà. Ó di Samuel, ó di Crowther, ṣùgbọ́n kò fi Àjàyí sílẹ̀, èyí tí í ṣe orúkọ àmútọ̀runwá, tí ó ń sọ bí ó ti dojú bolẹ̀ wá sí ayé. Ẹ wo Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, òǹkọ̀wé Òkè-Igbó. Oròwọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, ó sì fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Ifá tí ó wà nínú orúkọ ilé baba rẹ̀ dúró síbẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́ láti jẹ́ Kristẹni. Ẹ wo aládùúgbò wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Festus Adé Àjàyí, tí a bí ní Ìkọ̀lé ní ọdún 1929, tí ó sì sùn ní ọdún 2014. Jákọ́bù ni orúkọ ìsàmì rẹ̀, Adé Àjàyí ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, òun ni ó sì kọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí kí àwọn ọmọ wa má baà gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ọjọ́ orúkọ kan. Baba a sọ tirẹ̀, ìyá a sọ tirẹ̀, ìyá àgbà a fi owó sínú abọ́ omi a sì sọ tirẹ̀. Àyè wà nínú abọ́ náà fún Sámúẹ́lì, bí kò bá ti lé àwọn yòókù jáde.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù kì í ṣe orúkọ náà, orúkọ láìsí ìtàn ni. Àwọn àgbà wí pé orúkọ a máa ro ọmọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní dédé rò ó. Ẹ wo ilé Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀. Ọkùnrin méjì ni a sọ fún wa pé ó bí, Jóẹ́lì àti Ábíjà. Jóẹ́lì ni pé, Olúwa ni Ọlọ́run. Ábíjà ni pé, Olúwa ni baba mi. Orúkọ wo ni ó tún lè dára ju ìwọ̀nyí lọ? Síbẹ̀ nígbà tí a fi wọ́n ṣe onídàájọ́ ní Bíá-Ṣébà, wọ́n gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n sì yí ìdájọ́ po. Nítorí ìwà wọn ni àwọn àgbà Ísírẹ́lì fi wá sọ fún baba wọn pé ó ti di arúgbó, kí ó fi ọba jẹ fún àwọn. Orúkọ wọn ń jẹ́rìí Ọlọ́run, ọwọ́ wọn sì ń gba owó.

Baba wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ fi ipò sílẹ̀, ó dúró níwájú gbogbo ènìyàn, ó bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òun gba màlúù ẹnì kan rí, tàbí òun fi ìyà jẹ ẹnì kan, tàbí òun gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn dáhùn pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ni ìṣírò tí ó tọ́ kí gbogbo ẹni tí ń jẹ́ Sámúẹ́lì lè ṣe, ìbáà ṣe olùtọ́jú owó ìjọ, ìbáà ṣe olóyè ìlú, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí pẹ̀lú rí irú ọjọ́ ogbó Sámúẹ́lì. Ní ọdún 1890, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ Odò Ọya, ó sì kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ní ọdún 2014 ni Àrísìbíṣọ́ọ̀bù Canterbury ìgbà náà, Justin Welby, tọrọ ìdáríjì ní gbangba nítorí ohun tí a ṣe sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, bí a tilẹ̀ ká a kò nígbà ayé rẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó dá orúkọ rẹ̀ láre.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin Bàbá wa àlùfáà, a sì bẹ̀bẹ̀ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wa pẹ̀lú sùúrù. Élì jẹ́ ènìyàn Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó wo obìnrin tí ń gbàdúrà, ó sì pè é ní ọ̀mùtí. Kì í ṣe Élì nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò rí ọmọ bí wà nínú ìjọ wa títí di òní. A ti gbọ́ kí a bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ kí ni ó dá. A ti gbọ́ kí a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré ni. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí a ń ṣe ìsàmì fún Sámúẹ́lì tuntun, gbogbo wa a máa yọ̀, a kì í sì í bojú wo ẹ̀yìn láti rí ẹni tí ó ń fi gèlè nu ojú. Ẹ rántí pé kí Hánà tó lóyún ni ojú rẹ̀ ti tújú ká. Ọlọ́run gbọ́ ọ kí ó tó fún un ní ọmọ. Nítorí náà, ẹni tí a kò fún ní ọmọ rárá kì í ṣe ẹni tí Ọlọ́run kò gbọ́. Bí orúkọ Sámúẹ́lì bá di ohun tí a fi ń ṣe ẹlẹ́yà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ti sọ ọ́ di orin Pẹnínà nìyẹn.

Kí ni kí a wá ṣe? Ohun kékeré mẹ́ta ni a fi lọ̀ yín. Èkínní, kí òbí tí ó bá fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ ní Sámúẹ́lì, tàbí orúkọ Bíbélì mìíràn, kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń wí, kí ó sì sọ fún ọmọ náà ìdí tí a fi fún un, nígbà tí ọmọ bá ti tó gbọ́ ìtàn. Bí ìdí kò bá sí, kí ó fi orúkọ tí ó ní ìdí fún un. Èkejì, kí a kọ orúkọ ilé ọmọ sí inú ìwé ìsàmì pẹ̀lú ti Bíbélì, méjèèjì ní kíkún, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn tí yóò ṣe àjọ̀dún igba ọdún lè mọ ẹni tí a jẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ ìyá pẹ̀lú, kí ó sì hàn dáadáa, kí a má ṣe fi orúkọ baba nìkan mọ ọmọ. Bí kò bá ṣe pé ẹnì kan kọ orúkọ Hánà sílẹ̀, a kì bá ti mọ ìdí tí Sámúẹ́lì fi ń jẹ́ Sámúẹ́lì.

Ní ọdọọdún ni Hánà a máa rán ẹ̀wù kékeré kan, tí ó ń mú lọ fún ọmọ rẹ̀ ní Ṣílò. Ọmọ ń dàgbà, nítorí náà ẹ̀wù ọdún tí ó kọjá kò lè tó o. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà rí. A kò lè fún ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ kí a sì rò pé ó parí. Ọdọọdún ni kí a máa sọ ìtàn rẹ̀ fún un, kí ó fẹ̀ bí ọmọ náà ti ń fẹ̀, títí yóò fi lè sọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ ti Hánà ní Ṣílò, tí ó gbọ́ ti Àfàlá ní Abẹ́òkúta, gbọ́ ti gbogbo ẹni tí ń sunkún nínú ìjọ yìí. Kí ó sọ wá di ẹni tí ń jẹ́ orúkọ rere tí ìwà rẹ̀ kò sì tako orúkọ náà. Kí ó pa ìjọ rẹ̀ ní Ìfisìn mọ́ láti ìran dé ìran, nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.